Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀yìn Tuntun Lára Alùpùpù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Bí A Ṣe Ń Ṣètò Rẹ̀

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀ sábà máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí bóòtù tó kẹ́yìn bá ti le. Àárín iṣẹ́ ló ṣì wà. Ṣọ́ọ̀kì tuntun kò mọ bí ẹni tó máa gùn ún ṣe wúwo tó, kò mọ ẹrù tó ń gbé, kò sì mọ irú ọ̀nà tó ń gbà. Ẹni tó rà á ló máa kọ́ ọ. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lọ nìyí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dáhùn fún ẹni tá a jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí alùpùpù.

Kí ni iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì gan-an?

Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù: ìwọ̀n alùpùpù, ìwọ̀n ẹ̀yin tí ẹ jókòó lé e, àti ohunkóhun tí ẹ dì sẹ́yìn. Ọ́ìlì tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì ló ń kó sípíríǹgì yẹn níjàánu. Bí táyà bá gun gegele, sípíríǹgì á fún pọ̀, á sì fẹ́ ta padà lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tó gbà sára. Ọ́ìlì tó ń gba ojú ihò tóóró kọjá ni kì í jẹ́ kó ta bẹ́ẹ̀. Láìsí i, ẹ̀yìn á máa fò sókè sódò bíi bọ́ọ̀lù.

Ìjánu yìí pín sí méjì. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ṣọ́ọ̀kì ń wọlé ni mo máa pè ní ìjánu ìtẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ń jáde padà ni ìjánu ìdìde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ìyàtọ̀ sípíríǹgì àti ọ́ìlì mú ṣinṣin, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ̀yìn ń rì jù, wọ́n á lọ máa yí sukúrù ìjánu. Alùpùpù ń fò, wọ́n á lọ máa fún sípíríǹgì pọ̀. Wọ́n ń ní kí ọ́ìlì gbé ẹrù, wọ́n sì ń ní kí sípíríǹgì kó ara rẹ̀ níjàánu. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé, bó ti wù kí ṣọ́ọ̀kì náà wọ́n tó.

Mo fẹ́ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì fúnra mi. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Tó bá jẹ́ méjì ló wà lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tú u. Ẹ yọ tọ̀tún, ẹ fi tuntun síbẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan tòsì. Èyí tó kù ló máa gbé ẹ̀yìn dúró. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wà láàárín, ẹ gbé alùpùpù sókè láti abẹ́ férémù tàbí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú pákó lórí jáàkì, ẹ sì dè é kó má lè ṣubú. Ẹ má gbé e dúró lórí apá ẹ̀yìn, ìyẹn irin gígùn tó di táyà mú tó ń lọ sókè sódò, torí apá yẹn gan-an ló máa já bọ́ bí ẹ bá yọ bóòtù ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ má fi páláyà mú ọ̀pá dídán tó ń wọ inú ṣọ́ọ̀kì láé. Ẹ fi èékánná yín fà lórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, yíká-yíká: kò gbọ́dọ̀ há síbì kankan. Ìlà tín-ín-rín tí ojú lè má tètè rí ti tó láti máa ge rọ́bà tó dí ẹnu ṣọ́ọ̀kì náà, ọ́ìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá máa ń gbàgbé. Bí ojú ṣọ́ọ̀kì tí bóòtù ń gbà bá ní rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ irin, ẹ fi bóòtù sí i láìfún un pa, ẹ sọ alùpùpù kalẹ̀ sórí táyà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó lé e, kí ẹ tó wá fún bóòtù dé ibi tó yẹ. Bí ẹ bá fún un pa nígbà tí táyà ń rọ̀ dirodiro, rọ́bà yẹn á máa lọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà lórí alùpùpù, kò sì ní pẹ́ tó máa ya. Iye agbára tí ẹ máa fi fún bóòtù kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé tó bá alùpùpù wá. Ẹ lo sùpánà oníwọ̀n, ẹ má fi ojú inú ṣe é.

Tí ṣọ́ọ̀kì yín bá ní agolo ọ́ìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo ibi tí okùn rẹ̀ gbà kọjá. Kò gbọ́dọ̀ kan páìpù èéfín, kò sì gbọ́dọ̀ há nígbà tí ẹ̀yìn bá rì dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ wo okùn bíréèkì ẹ̀yìn náà bákan náà.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣètò?

Láti inú táyà. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ nígbà tó tutù, kí ẹ fi sí iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù sọ. Táyà tí afẹ́fẹ́ pọ̀ jù nínú rẹ̀ á máa ta bíi ṣọ́ọ̀kì tó le, èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré á máa mì bíi ṣọ́ọ̀kì tó ti kú. Ẹ ò ní mọ èwo lẹ̀ ń tún ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni sípíríǹgì, lẹ́yìn sípíríǹgì ni ìjánu ìdìde, ìjánu ìtẹ̀ ló kẹ́yìn. Ẹ má da ètò yìí rú, torí èyí tó ṣáájú máa ń yí èyí tó tẹ̀ lé e padà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé sípíríǹgì wà níbi tó yẹ?

Ẹ máa wọn ìrìsílẹ̀, ìyẹn iye tí ẹ̀yìn alùpùpù fi wálẹ̀ láti ibi tó ga jù. Ẹni mẹ́ta ló dára jù fún un: ẹ̀yin tí ẹ máa gùn ún, ẹnì kan tó máa di ọwọ́ alùpùpù mú, ẹnì kan tó máa wọ̀n ọ́n. Téèpù ìwọ̀n àti ìwé ló kù.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀yìn sókè títí táyà á fi kúrò nílẹ̀, kí ṣọ́ọ̀kì sì na tán. Sítáǹdì tó ń gbé apá ẹ̀yìn kò wúlò níbí o, torí ìwọ̀n alùpùpù ṣì wà lórí ṣọ́ọ̀kì bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà ò kanlẹ̀. Férémù ni kí ẹ gbé. Ẹ fi téèpù alẹ̀mọ́ sàmì sí ara férémù tàbí abẹ́ ìjókòó, ní òkè gangan àárín táyà. Ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín ọ̀pá tó gba inú táyà kọjá dé àmì yẹn. Ká ní ẹ rí mìlímítà 562. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sórí táyà méjèèjì, kó dúró gbọọrọ láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, ẹ sì tún wọ̀n ọ́n. Ká ní ó di 552. Ìyàtọ̀ wọn, mìlímítà 10, ni ìrìsílẹ̀ òfìfo.

Ẹ wá gùn ún, tẹ̀yin ti akoto, bàtà, jákẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ohun tí ẹ máa ń wọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó. Ká ní ó di 527. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwọ̀n àkọ́kọ́: mìlímítà 35. Ìyẹn ni ìrìsílẹ̀ ẹlẹ́rù, òun sì ni olórí.

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí. Kí ló fà á?

Inú ṣọ́ọ̀kì, àwọn búṣì tí bóòtù ń gba inú wọn kọjá, àti ìdí apá ẹ̀yìn ló ń fara ha ara wọn. Ìfarahá yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn dúró síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bínú sí téèpù yín. Ẹ ní kí ẹni tó dúró lẹ́yìn tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀ díẹ̀, kó rọra jẹ́ kó gòkè padà fúnra rẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, kó gbé e sókè díẹ̀, kó rọra jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 524, tí èkejì jẹ́ 530, àárín wọn, 527, ni kí ẹ gbà.

Bí ìyàtọ̀ méjèèjì bá pọ̀ gan-an, nǹkan kan ń há. Ẹ tú ìdí apá ẹ̀yìn wò kí ẹ tó dá ṣọ́ọ̀kì lẹ́bi. Mo ti rí ibi tí gíríìsì ti gbẹ sínú irin ìsopọ̀, ìyẹn irin tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ apá ẹ̀yìn, tó di ìpẹ́ dúdú, tí búṣì inú rẹ̀ ò lè yí mọ́ rárá, tí ẹni tó ni ín sì ti ra ṣọ́ọ̀kì tuntun nítorí rẹ̀.

Iye wo ló yẹ kí n máa wá?

Ìrìsílẹ̀ ẹlẹ́rù yẹ kó wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìrìn táyà ẹ̀yìn, ìyẹn gbogbo ibi tí táyà lè rìn láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá. Fún ọ̀pọ̀ alùpùpù tí wọ́n ṣe fún ojú títì, ìyẹn máa ń bọ́ sí mìlímítà 30 sí 40, pẹ̀lú ìrìsílẹ̀ òfìfo tó tó mìlímítà 5 sí 15. Èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì méjì tí ìrìn táyà rẹ̀ ò ju nǹkan bí mìlímítà 100, ẹ wá 25 sí 30. Ti eré orí ilẹ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ àti òkè yàtọ̀ pátápátá: táyà rẹ̀ ń rìn nǹkan bíi mìlímítà 300, nítorí náà nǹkan bí 100 ni ìrìsílẹ̀ ẹlẹ́rù, òfìfo sì jẹ́ 30 sí 40. Bí ìwé alùpùpù tàbí ìwé ṣọ́ọ̀kì yín bá sọ iye kan, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé.

Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ló dé tí kò fi yẹ kí ẹ̀yìn wà lókè pátápátá. Ìdí ni pé ọ̀nà kì í ní gegele nìkan, ó tún ní kòtò. Bí ilẹ̀ bá já lábẹ́ táyà, táyà gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa sọ̀ kalẹ̀ sí kó lè máa tẹ̀ lé ilẹ̀ lọ. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti na tán kí kòtò tó dé, táyà á rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kò ní lè di ilẹ̀ mú, bíréèkì ẹ̀yìn ò sì ní já mọ́ nǹkan kan láàárín àkókò yẹn.

Bí mo bá fún sípíríǹgì pọ̀ sí i, ṣé ó máa le sí i?

Rárá. Nínú gbogbo èrò tó gbalẹ̀ nípa ṣọ́ọ̀kì, èyí ló ṣì àwọn èèyàn lọ́nà jù.

Ẹ jẹ́ ká mú sípíríǹgì tó ń gba kílò 2 kó tó wọlé mìlímítà 1. Bí ẹ bá yí òrùka rẹ̀, ìyẹn irin róbótó tó wà lórí sípíríǹgì tó ń fún un pọ̀, títí ẹ fi fún un pọ̀ ní mìlímítà 10, kílò 20 ti wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Kò ní mira títí ẹrù á fi ju kílò 20 lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn kílò 20 yẹn, kílò 2 náà ló ṣì ń gbà fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Kò le ju bó ṣe wà lọ. Ohun tó yí padà ni ibi tí ẹ̀yìn alùpùpù dúró sí: ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gíga ni òrùka ń ṣètò.

Kò dà bẹ́ẹ̀ pátápátá fún sípíríǹgì tí ìká rẹ̀ sún mọ́ ara wọn lápá kan tó sì jìnnà síra lápá kejì, torí ìyẹn máa ń le bó ṣe ń wọlé. Síbẹ̀, ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà wọ̀n ọ́n.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé sípíríǹgì yìí gan-an kọ́ ló yẹ mí?

Ìwọ̀n méjèèjì tí ẹ kọ sílẹ̀ ló máa sọ fún yín, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má fo èyí òfìfo. Ẹ kọ́kọ́ yí òrùka títí ìrìsílẹ̀ ẹlẹ́rù á fi bọ́ síbi tó yẹ. Ẹ wá wo òfìfo.

Bí òfìfo bá jẹ́ òdo, tí alùpùpù dúró lókè téńté láìrì rárá, sípíríǹgì náà ti rọ̀ jù fún yín. Ẹ ti fún un pọ̀ púpọ̀ kó tó lè gbé yín, débi pé ìwọ̀n alùpùpù nìkan ò lè mì í. Bí òfìfo bá sì pọ̀ jù, bíi mìlímítà 25 lára alùpùpù ojú títì, sípíríǹgì ti le jù. Èyí máa ń ṣòroó gbà fún àwọn èèyàn, torí ojú wọn rí i pé ẹ̀yìn ń rì nígbà tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀, wọ́n sì rò pé rírọ̀ ló rọ̀. Òdì kejì ni. Ẹ ti tú òrùka sílẹ̀ gan-an kí ìrìsílẹ̀ ẹlẹ́rù tó pé, torí sípíríǹgì kọ̀ láti wọlé fún ìwọ̀n ara yín.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, sípíríǹgì míì ni kí ẹ rà. Owó rẹ̀ kéré sí ti ṣọ́ọ̀kì odindi, àǹfààní rẹ̀ sì ju ti gbogbo sukúrù tó wà lára ṣọ́ọ̀kì náà lọ.

Báwo ni mo ṣe ń yí òrùka yẹn láìba á jẹ́?

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ iyanrìn kúrò lójú sukúrù rẹ̀, ẹ kán ọ́ìlì sí i, ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀ kí ẹrù má bàa wà lórí sípíríǹgì. Ẹ kọ́kọ́ tú òrùka òkè tó dè é, ẹ wá fi sùpánà olórí ìkọ́ yí èyí tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró iyanrìn tó ń lọ̀, ẹ dúró, ẹ fọ̀ ọ́ sí i. Ẹ máa wọn gígùn ojú sukúrù tó ṣí sílẹ̀ kí ẹ tó yí i àti lẹ́yìn tí ẹ bá yí i tán. Ẹ rántí fún òrùka ìdè padà.

Ṣọ́ọ̀kì méjì ló wà lẹ́yìn tèmi. Ṣé dandan ni kí wọ́n dọ́gba?

Dandan ni. Sípíríǹgì, òrùka, ìjánu, gbogbo rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì lára alùpùpù mi, èyí tí òrùka rẹ̀ máa ń gun àtẹ̀gùn márùn-ún, ìyẹn ipele márùn-ún tó fi ń fún sípíríǹgì pọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo sì yára. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gùn ún tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń rìn bí ẹni pé ó fẹ́ lọ sọ́tọ̀ nígbàkigbà tí mo bá wọ kọ̀nà, bó bá yà sọ́tùn-ún, ó rí báyìí, bó bá yà sósì, ó rí bẹ́ẹ̀. Mo pààrọ̀ afẹ́fẹ́ táyà, mo yẹ béárìn wò. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ni mo rí i: òsì wà lórí àtẹ̀gùn kejì, ọ̀tún wà lórí ìkẹrin. Ìṣẹ́jú kan ni mo fi tún un ṣe. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń fi ọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé ẹsẹ̀ lé alùpùpù, mo sì máa ń ka àtẹ̀gùn náà sókè kí etí mi gbọ́.

Báwo ni mo ṣe ń ṣètò ìjánu ìdìde?

Sukúrù rẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì. Kí ẹ tó yí i, ẹ mọ ibi tó wà: ẹ rọra yí i sí apá tí ọwọ́ aago ń lọ títí á fi dúró, kí ẹ máa ka kílíìkì, ìyẹn ìró kékeré tó ń dún bó ṣe ń bọ́ láti ibì kan sí èkejì. Ẹ má fi agbára tì í lẹ́yìn tó bá ti dúró, orí abẹ́rẹ́ kékeré inú rẹ̀ lè bà jẹ́. Ká ní ẹ ka 11. Ẹ kọ 11 sílẹ̀, ẹ yí i padà sí 11. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá tilẹ̀ da gbogbo nǹkan rú, ẹ lè padà sílé.

Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀yìn ìjókòó mọ́lẹ̀ gidigidi, ẹ jẹ́ kó lọ. Ó yẹ kó gòkè láìfi ipá ta, kó dé ibi tó máa ń dúró, kó sì dúró. Bíi ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa ń gbà. Bó bá gòkè kọjá ibẹ̀ tó tún wálẹ̀, ìjánu ti dẹ̀ jù, ẹ yí i wọlé. Bó bá ń fà bí ẹni tó ń yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ti le jù, ẹ yí i síta.

Ibi ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn, ojú ọ̀nà ló máa sọ ìyókù. Ẹ wá ọ̀nà kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, tó ní gegele tó tò tẹ̀ léra, kí ẹ máa gba ibẹ̀ pẹ̀lú eré kan náà. Bí ìjánu ìdìde bá dẹ̀, ẹ̀yìn á máa mì lẹ́yìn gegele kọ̀ọ̀kan, ìjókòó á máa gbé yín sókè, alùpùpù á máa mì nínú kọ̀nà gígùn. Bó bá le jù, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ jọ ohun míì, òun ló sì ń tan àwọn èèyàn jẹ: gegele àkọ́kọ́ á tẹ ṣọ́ọ̀kì wọlé, kò ní tíì jáde tán tí èkejì fi máa dé, ẹ̀kẹta á tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ̀yìn á máa rì díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní sí àyè mọ́, ìbàdí yín á wá máa gba gbogbo ìjà náà. Ẹni tó gùn ún á sọ pé ṣọ́ọ̀kì yìí le bí irin. Yóò dẹ ìjánu ìtẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn á tún rì sí i. Bí gegele àkọ́kọ́ bá rọ̀ yín lọ́rùn tí ìkẹrin àti ìkarùn-ún wá ń lù yín, ìjánu ìdìde ni kí ẹ dẹ̀, kílíìkì méjì lẹ́ẹ̀kan.

Ìjánu ìtẹ̀ ńkọ́?

Ẹ fi í sí ibi tí ilé iṣẹ́ fi í sí títí ìyókù á fi tò. Bí ẹ̀yìn bá ń jókòó púpọ̀ nígbà tí ẹ bá fún ẹ́ńjìnnì lágbára, tí alùpùpù sì ń fẹ́ fẹ̀ síta kọ̀nà, ẹ fi kílíìkì kan tàbí méjì kún un. Bó bá ń ta yín lójú gegele olójú mímú, ẹ dín in kù.

Àwọn ṣọ́ọ̀kì kan ní sukúrù méjì fún un, ọ̀kan fún eré díẹ̀, èkejì fún eré púpọ̀. Eré alùpùpù kọ́ ni wọ́n ń sọ o. Eré tí ọ̀pá inú ṣọ́ọ̀kì fi ń wọlé ni. Ẹ lè wà lórí eré tó pọ̀ lójú títì tó tẹ́jú kí ọ̀pá yẹn máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ sì lè máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹ já sínú kòtò ẹnu gígé, kó wọlé bí ọta ìbọn.

Ṣọ́ọ̀kì tuntun gùn ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀. Ṣé ó burú?

Ó lè má burú, àmọ́ ẹ ti yí alùpùpù yín padà nìyẹn. Bí ṣọ́ọ̀kì bá dúró gbọọrọ nítòsí àárín táyà, bíi ti ọ̀pọ̀ alùpùpù oníṣọ́ọ̀kì méjì, mìlímítà 10 tó fi gùn á gbé ẹ̀yìn sókè ní nǹkan bí iye kan náà. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tó ń gba irin ìsopọ̀ ṣiṣẹ́, 10 yẹn lè di 20 tàbí 30 níbi táyà. Irú ìsopọ̀ yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Kawasaki, Honda àti Suzuki mú wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 kí ṣọ́ọ̀kì lè máa le sí i bí táyà ṣe ń gòkè sí i.

Bí ẹ̀yìn bá ga, iwájú á tẹ̀ síwájú, alùpùpù á máa yára yà, ṣùgbọ́n kò ní dúró ṣinṣin tó ti tẹ́lẹ̀ lórí eré. Sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ á kúrú, alùpùpù á sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù nígbà tí ẹ bá gbé e kalẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀kì bá kúrú ju ti àtijọ́, ẹ yọ sípíríǹgì tàbí kí ẹ tú ìdí ṣọ́ọ̀kì, ẹ gbé táyà sókè dé òpin, kí ẹ rí i pé kò kan mọ́gáàdì. Mìlímítà díẹ̀ ni mo máa ń fàyè gbà. Ohun tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo máa ń dá a padà.

Ṣé ọ̀rọ̀ ṣéènì kan èyí rárá?

Ó kàn án gan-an. Ṣéènì máa ń le jù nígbà tí sípúrókẹ́ẹ̀tì iwájú (irin eléyín tó ń fa ṣéènì), ìdí apá ẹ̀yìn àti àárín táyà bá wà lórí ìlà kan. Bí gíga ẹ̀yìn bá ti yí padà, dídẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ fún ṣéènì tẹ́lẹ̀ ò ṣeé gbára lé mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn jókòó lé e títí àwọn ibi mẹ́ta yẹn á fi tò, kí ẹ wá fọwọ́ kan ṣéènì: ó gbọ́dọ̀ ṣì dẹ̀ díẹ̀. Ṣéènì tó le jù á máa fa béárìn inú gíà, kò sì ní jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì tuntun yín ṣiṣẹ́ rárá.

Ẹ wo iná iwájú náà, torí bí ẹ̀yìn bá ti gòkè tàbí wálẹ̀, ibi tí iná ń tàn sí ti yí.

Mo máa ń gbé èrò sẹ́yìn nígbà míì.

Ẹ wọn ìrìsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú èrò náà, ẹ kọ iye àtẹ̀gùn tàbí iye yíyí òrùka tó dá a padà síbi tó yẹ, kí ẹ sì fi kílíìkì kan tàbí méjì kún ìjánu ìdìde, torí sípíríǹgì tó fún pọ̀ sí i máa ń ta padà pẹ̀lú agbára jù. Bí ẹ bá ti sọ èrò kalẹ̀, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà.

Wọ́n ní gáàsì wà nínú rẹ̀. Ṣé mo lè ṣí i?

Ẹ má ṣí i. Náítírójìn tó wà níbẹ̀ wà lábẹ́ agbára tó pọ̀ ju ti inú táyà lọ fíìfíì, ó sì lè ṣe èèyàn léṣe. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ọ́ìlì hó nígbà tí ọ̀pá bá ń yára wọlé jáde. Ọ́ìlì tó bá ti di ìfófòó kò lè kó nǹkan kan níjàánu mọ́. Christian Bourcier de Carbon, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, ló mú irú ṣọ́ọ̀kì onígáàsì yìí jáde ní àwọn ọdún 1950, ìlànà rẹ̀ ló sì ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí à ń lò lónìí. Ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ gbé e fún.

Ìgbà wo ni kí n tún wọ̀n ọ́n?

Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 500 sí 1000. Rọ́bà ẹnu ṣọ́ọ̀kì tuntun máa ń há díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, bó bá ti fara mọ́ ọ̀pá tán, ẹ̀yìn á máa rìn fàlàlà jù, ìrìsílẹ̀ sì lè fi mìlímítà díẹ̀ yàtọ̀. Ẹ tún bóòtù gbogbo yẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà. Mo máa ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti orí bóòtù dé ara irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìlà náà bá ti já, bóòtù ti yí.

Mo rí ọ́ìlì lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tuntun. Ṣé ó ti bà jẹ́?

Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó kàn ń dán lára ọ̀pá kì í ṣe àìsàn, ó máa ń wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ fi aṣọ funfun nù ún, ẹ gùn ún nǹkan bíi kìlómítà 20, ẹ tún fi ojú ibòmíì lára aṣọ náà nù ún. Bí àmì kejì bá fẹ́lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ máa gùn ún lọ. Bó bá jẹ́ pé ó tutù, tó ti kó eruku jọ di ẹrẹ̀ dúdú sídìí rọ́bà, tàbí tó ti kán sí apá ẹ̀yìn, ẹ má gùn ún mọ́ títí ẹ fi máa dá a padà fún ẹni tó tà á, torí ibi tí ọ́ìlì yẹn máa kán sí tẹ̀ lé e ni táyà tàbí àwo bíréèkì.